Máàkì èjìká mi já wálẹ̀: ṣé apá mi ń bàjẹ́ sí i ni?

Ìbéèrè: Àǹtí Físíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Irun ni mò ń dì n'Íbàdàn. Iṣan èjìká ọ̀tún mi ló ya díẹ̀, eré ìdárayá ni wọ́n sì fi ń tọ́jú mi. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní mo gba 58 nínú 100. Mo kó lọ sí òmíràn, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní 35 ni. Ẹ̀rù bà mí. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ti ń dé àárín orí oníbàárà báyìí. *Ìyá Ìbejì*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora. Ọwọ́ tó ti ń dé orí oníbàárà ni mo kọ́kọ́ gbà gbọ́. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wọ̀n yín, bí ẹni fi kóńgò wọn gàrí lánàá tó fi ìgò wọn epo lónìí. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan.

Nínú Constant-Murley, òṣùwọ̀n èjìká kan tó ti wà láti 1987, 100 ló dára jù. Ìrora ní máàkì 15, iṣẹ́ ojúmọ́ 20, ibi tí apá lè dé 40, agbára 25. Ẹni tí kò bá lè gbé apá títí yóò fi bá èjìká dọ́gba, òdo ló gbà lábẹ́ agbára, kódà bó bá ń gbé garawa omi. Fọ́ọ̀mù DASH, tó wà fún apá, èjìká àti ọwọ́, ńkọ́? Ìbéèrè 30 ni, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn, òdo ló sì dára jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló fún yín ní 35, kò sí ohun tó já wálẹ̀. Òṣùwọ̀n èjìká ti Oxford tún le jù: nígbà tó jáde ní 1996, 12 ló dára jù, 60 ló burú jù. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà sí òdo dé 48, 48 wá di èyí tó dára jù. Ẹni tó gba 40, ewo ni ká sọ fún un?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń dà láàmú. Bí ìwádìí kan bá fi DASH wọn èrè ìtọ́jú, tí òmíràn fi Constant wọ̀n ọ́n, ó ṣòro láti mọ ìtọ́jú tó ṣe aláìsàn láǹfààní jù. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àgbáyé OMERACT fi kó àwọn olùwádìí àti aláìsàn jọ láti fẹnu kò lórí ohun tí gbogbo ìwádìí ìtọ́jú èjìká gbọ́dọ̀ wọ̀n: ìrora, iṣẹ́ tí apá lè ṣe, bí aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe rí ìyípadà náà, àti ìpalára tí ìtọ́jú bá fà. Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Fọ́ọ̀mù Oxford ń béèrè bóyá ẹ lè lo ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì pa pọ̀. Kò béèrè irun dídì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ìbéèrè náà fún yín, torí máàkì yẹn kò ní ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi Patient-Specific Functional Scale kún un. Ẹ̀yin lẹ máa dárúkọ iṣẹ́ tó nira fún yín, ẹ ó sì fún un ní òdo bí ẹ kò bá lè ṣe é rárá, 10 bí ẹ bá ti ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ irun dídì síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọsibítù tuntun kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ti àkọ́kọ́ wọ̀n yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí nìkan ni ẹ lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 58 yẹn.