Mo ní káàdì ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n ń gbé wá bá wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa ní Ìkòlé-Èkìtì, mo sì ní káàdì. Bí àsìkò bá tó láti fa olùdíje kalẹ̀, orúkọ ni wọ́n kàn ń gbé wá bá wa láti Adó. Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́?
*Ìyá oníṣòwò kan, Ìkòlé*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Bí ẹ kò bá díje dupò náà fúnra yín, ilé ẹjọ́ kò ní dá yín lóhùn. Láti 1983, nínú ẹjọ́ Onuoha àti Okafor, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ẹni tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fà kalẹ̀. Òfin ti la ọ̀nà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ fún ẹni tó bá díje nínú ìdìbò abẹ́lé ni. Ọjọ́ 14 péré sì ni abala 285 Òfin Ìpìlẹ̀ fún òun náà láti pẹjọ́. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, torí ẹ̀yin gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Kọ́ńgíréèsì wọ́ọ̀dù, ìyẹn ìpàdé tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń yan àwọn aláṣẹ wọ́ọ̀dù, ni agbára yín wà. Abala 223 Òfin Ìpìlẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ máa dìbò yan àwọn aláṣẹ rẹ̀, ó pẹ́ tán, lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. Ọjọ́ ìpolongo, gbogbo wa á wọ ankara. Ọjọ́ kọ́ńgíréèsì, èèyàn kì í pọ̀. Wọ́n á ka orúkọ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti kọ sílẹ̀, àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á ní "a gbà!", ó parí. Àwọn tí wọ́n yàn bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí Adó lẹ́nu.

Owó ló fà á jù, lójú tèmi. A kì í san owó ẹgbẹ́, ẹnì kan ló ń gba gbọ̀ngàn, tó ń ra epo, tó ń bọ́ àwọn aláṣẹ. Ta ni yóò wá kọ̀ fún un bó bá dárúkọ ọmọ rẹ̀?

Ẹgbẹ́ gan-an ń jìyà irú ìwà yìí. Lẹ́yìn ìdìbò abẹ́lé PDP ní 2022, Ṣẹ́gun Òní, gómìnà Èkìtì tẹ́lẹ̀ tó pàdánù níbẹ̀, kọjá sí SDP. Ìbò 82,211 ló ní nínú ìdìbò gómìnà ọdún náà, PDP ní 67,457, APC sì fi 187,057 wọlé.

Mo fara mọ́ ọn pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò abẹ́lé fúnra wọn, bí ìwé orúkọ bá mọ́. Òfin Ìdìbò pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ náà ránṣẹ́ sí INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì nìkan: ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ san owó ẹgbẹ́, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ kó àwọn ará ọjà dání lọ sí kọ́ńgíréèsì. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi ìwé orúkọ hàn yín, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé wọ́ọ̀dù, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.