Ṣé irọ́ ni mo ń pa mọ́ àbúrò mi?

Arábìnrin tí ó fi “Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀” parí lẹ́tà láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ẹ sọ pé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, nígbà tí àgọ́ ohun ìjà àwọn ọmọ ogun bú gbàmù ní Ìkẹjà, ni ó bá èrò sáré, tí ẹ gbà pé omi gbé e lọ, tí kò sì padà wálé mọ́. Ẹ ti ń kọ ìtàn àròsọ nípa rẹ̀ láti ọdún méjì, nínú èyí tí ó yè, tí ó sì dé Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Yèyé yín wá rí ìwé náà, wọ́n ní ẹ fẹ́ gbé òkú ọmọ àwọn lọ tà lọ́jà. Ẹ ń bi mí bóyá irọ́ ni ẹ ń pa mọ́ ọn.

N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tan ni jẹ ni à ń pè ní òpùrọ́. Bí a bá ń pa àlọ́, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé ìjàpá kì í sọ̀rọ̀. Ohun mìíràn ni mo rí nínú ìbínú Yèyé. Nílẹ̀ wa, arúgbó ni à ń fi ijó àti orin sin. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́, wọn a tètè gbé e kúrò níwájú òbí rẹ̀, ará ilé a sì máa yẹra fún orúkọ rẹ̀. Àánú wà nínú àṣà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé omi ni ó gbé ọmọ lọ, tí a kò rí òkú sin rárá, ìdákẹ́jẹ́ náà ni ó kù nínú ilé láti ohun tí ó lé ní 20 ọdún.

Àwọn ojú ewé tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo ní ẹjọ́ sí. Ẹ ń ka bọ́ǹbù, ẹ ń ka òkú. Òótọ́ ni pé wọ́n lé ní 1,000, àti pé púpọ̀ nínú wọn rì sínú odò Òkè-Àfà, tí ewéko ti bo ojú rẹ̀ tí àwọn tí ń sá lóru fi ṣe bí ilẹ̀ ni. Ìwé ìròyìn ti sọ ìyẹn. (Èmi a máa pa ìwé dé bí òǹkọ̀wé bá ti ń to òkú jọ bí ìdì igi.) Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe ní Japan ní ọdún 1995, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 6,000, Haruki Murakami, òǹkọ̀wé ọmọ Japan, kọ ìtàn mẹ́fà nípa rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó gbé kalẹ̀ sáàárín ilé tí ó wó. Àwọn tí ó jìnnà ni ó kọ nípa wọn: obìnrin kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ.

Ìkẹ́rẹ́ ni ẹ̀yin náà wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlà kan ṣoṣo nínú lẹ́tà yín, níbi tí ẹ ti sọ pé ìyá yín gún iyán ju iye ẹnu ilé lọ fún odidi ọdún kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn sọ ọ́, ó wúwo ju gbogbo ìbúgbàmù tí ẹ kọ lọ. Ibẹ̀ ni kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ kẹta tí ó wálé, ẹ má pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òpin. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n inú ìtàn ń rò lóru, kí òǹkàwé mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá a. Ẹ yí orúkọ àbúrò yín padà. Bí kíkọ náà bá sì ń gba oorun lójú yín bí ẹ ti wí, ẹ gbé bírò sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ rí dókítà tí ń tọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá. Ìtàn kò lè ṣe iṣẹ́ dókítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ewé iyán náà sí Yèyé létí, kí ó má ṣe jẹ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe irú aṣọ tí ó wọ̀ kúrò nílé nìyẹn, ẹ mú bírò.