Ṣé a máa ń ka sílébù nínú ewì Yorùbá?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n ṣe àtúpalẹ̀ oríkì ìbejì: iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan, àti ìró tó bára mu níparí ìlà. Mi ò rí nǹkan kan tó dọ́gba. Ṣé oríkì ò ní ìlànà ni?

Ìdáhùn: Ó ní. Ewì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fún ọ yẹn fún. Wo ìlà méjì yìí:

Wínrinwínrin lójú orogún,
Ejìwọ̀rọ̀ lójú ìyá rẹ̀.

Sílébù 9 nìyẹn, 9 nìyí. Má tíì yọ̀. Ka èyí náà:

Gbajúmọ̀ ọmọ tíí gbàkúnlẹ̀ ìyá,
Tíí gbàdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ baba tó bí i lọ́mọ.

Ó di 12 àti 15. Apohùn ò ní kọsẹ̀ níbẹ̀ rárá, èémí ló fi ń gé ìlà.

Padà sí méjì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìhun kan náà ni, "lójú" wà láàárín méjèèjì, orogún àti ìyá wá kojú ara wọn. Gbọ́ ohùn wọn wàyí. Wínrinwínrin ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún láàárín ohùn òkè àti ohùn àárín, bí ohun tí kò tó nǹkan. Ejìwọ̀rọ̀ wọlẹ̀ láti sílébù kejì, kò sì gbérí mọ́. Ìlà kìíní parí sókè (-gún), ìkejì parí sísàlẹ̀ (rẹ̀). Ohun tí orogún fojú tín-ín-rín ni ìyá ń rí ní ràbàtà, ohùn sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ìtumọ̀ tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ nípa irú ìtakò ohùn báyìí ní 1984. Lójú tèmi, ìtakò ohùn yìí ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè. Òun náà ló wà nínú ìlà oríkì ìbejì tó sọ pé "Ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ kẹ́ṣẹ́".

Ní ti ìró ìparí, fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 péré la ní, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù wa. Ọmọdé lè mú un bára mu láàárọ̀ kan, kò níyì. Bí fáwẹ̀lì bá tilẹ̀ jọra tí ohùn yàtọ̀, etí Yorùbá ò ní kà wọ́n sí ìkan náà.

Oríkì kan náà ni ọdẹ lè fi sun ìjálá, kí onírárà sì fi sun rárà. Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun nípa bí ìlà ṣe tò, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kì, kí o ṣọ́ ibi tó ti ń mí. Ẹni tó tẹ ìwé ló gé ìlà tó wà nínú ìwé.