Ìbéèrè Yín: Wọn ò fún mi ní agbára ádímìn, ṣé dátábéèsì lè wọ orí server?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ni mò ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n fún wa láàyè lórí server Linux kan ní dìpátímẹ́ǹtì wa, àmọ́ tí mo bá ti tẹ sudo (àṣẹ tó ń fúnni ní agbára ádímìn) báyìí, ó ní orúkọ mi ò sí lára àwọn tó lè lò ó. PostgreSQL, ètò dátábéèsì yẹn, ni mo fẹ́ gbé síbẹ̀. Ọ̀gá tó ń mójú tó server náà ò tíì dá mi lóhùn látọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí n ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe dáadáa, fọkàn balẹ̀. PostgreSQL gan-an ò fẹ́ root (ádímìn àgbà orí Linux), tó o bá fi root pe initdb, àṣẹ tó ń dá dátábéèsì sílẹ̀, ńṣe ló máa kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó fa sudo ni pé apt, ètò tó ń gbé sọ́fítíwià sórí Linux, fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ sínú /usr àti /var, ibẹ̀ yẹn kì í ṣe tìẹ. Home ẹ, fódà tí wọ́n fún ẹ, ni tìẹ, ibẹ̀ la máa kó o sí.

Kọ́kọ́ tẹ gcc --version àti make --version wò, àwọn ló ń sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá wà, lọ dáńlóòdù sọ́ọ̀sì (kóòdù) ẹ̀ ní sáìtì PostgreSQL, tú u, wọ inú fódà ẹ̀, wá tẹ ./configure --prefix=$HOME/pgsql, lẹ́yìn ẹ̀ make, lẹ́yìn ẹ̀ make install. Tí configure bá ń pariwo pé òun ò rí láíbírì readline tàbí ICU (láti version 16 ni ICU ti ń dààmú àwọn èèyàn), fi --without-readline tàbí --without-icu kún un, kò sí nǹkan tó máa bà jẹ́ nínú iṣẹ́ ẹ. Tí gcc ò bá sí ńkọ́? Conda, ètò kan tó ń gbé sọ́fítíwià wá, náà lè gbé PostgreSQL wá fún ẹ láìsí root.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ gan-an nìyí o. Tó o bá kàn tẹ initdb lásán, trust ló máa fi síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí server yẹn, gbogbo kíláàsì yín pátá, lè wọ dátábéèsì ẹ láìsí páswọ́ọ̀dù, kó pe ara ẹ̀ ní ìwọ, kó sì pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Lórí láptọ́ọ̀pù ẹ ìyẹn ò le, lórí server tí gbogbo yín jọ ń lò, ewu ńlá ni. Báyìí ni kó o tẹ̀ ẹ́:

~/pgsql/bin/initdb -D ~/pgdata -A scram-sha-256 -W

Ó máa ní kó o mú páswọ́ọ̀dù wá, mú èyí tó le.

Ẹlòmíì lè ti gba port 5432 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí PostgreSQL máa ń lò), torí náà ṣí postgresql.conf tó wà nínú pgdata, yí i sí 5499 tàbí òmíràn, ṣáà má lọ sábẹ́ 1024, root ló ni ibẹ̀. Wá gbé e dìde:

~/pgsql/bin/pg_ctl -D ~/pgdata -l ~/pg.log start

Tí wọ́n bá pa server tí wọ́n tún tàn án, kò ní dìde fúnra ẹ̀, àfi tó o bá fi @reboot àti àṣẹ yẹn sínú crontab ẹ, ibi tí Linux ti ń rí iṣẹ́ tó máa ṣe fúnra ẹ̀. Kó o sì tún kọ̀wé sí ọ̀gá yẹn pé o ti gbé e síbẹ̀, port báyìí lò ń lò, kó má lọ rí i lójijì kó pa á. Alaalẹ́ ni kó o máa fi pg_dump -p 5499 kó dátà ẹ jáde, kó o sì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, torí àwọn ádímìn lè nu server dìpátímẹ́ǹtì nígbàkígbà.