Ilé Tankẹ àti ilé Ọ̀fà: báwo ni mo ṣe lè so nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn pọ̀?

Ìbéèrè: Tankẹ níbí ní Ìlọrin ni mò ń gbé, màmá mi sì wà nílé ní Ọ̀fà. Ráútà onísíìmù ni à ń lò nílé méjèèjì. Mo fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé màmá lórí fóònù mi, kí àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wọn náà sì lè máa ṣí fáìlì orí kọ̀ǹpútà mi ní Tankẹ. Ẹnì kan ní kí n ṣe port forwarding, ìyẹn kí n ṣí ọ̀nà lórí ráútà kí ará ìta lè wọlé. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti wà lórí ẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣì í ṣe. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe ni kò bá ráútà onísíìmù mu.

Ẹ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ta dátà fún yín bí ọgbà ńlá tó ní géètì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló wà nínú ẹ̀, àdírẹ́sì géètì yẹn nìkan sì ni ará ìta mọ̀. Bí ẹ bá ránṣẹ́ jáde, màígádì á rántí yín, á jẹ́ kí èsì wọlé. Àlejò tó bá ṣàdédé kan géètì ńkọ́? Kò mọ ojúlé ẹni tó ń wá, á dá a padà ni. Port forwarding tí ẹ ṣe, ilẹ̀kùn yàrá yín lẹ ṣí. Géètì ìta ò sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣí ojú ewé ráútà, kí ẹ wo WAN IP, ìyẹn àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ráútà yín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, inú ọgbà lẹ wà yẹn.

Kí n sòótọ́, inú mi tiẹ̀ dùn pé kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó sínú kámẹ́rà àti DVR (àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀) káàkiri ayé. Páásíwọọ̀dù tó bá wọn ti iléeṣẹ́ wá, tí olówó wọn ò yí padà, ló fi wọlé. Ẹ yí ti DVR yín padà lónìí.

Ìṣòro kejì ṣì ń bọ̀ níwájú. Ó dá mi lójú tó ìdajì pé 192.168.1 ni àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ inú ilé méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pe “Àlàó!” nínú agboolé, tí Àlàó kan sì wà níbẹ̀, òun ló máa jẹ́ yín. Ti Ọ̀fà ò ní gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù yín: tí ẹ bá ní kó wá 192.168.1.20, inú ilé tó wà ló máa wá a sí. Nítorí náà, nọ́ńbà ilé kan gbọ́dọ̀ yí. Ti Tankẹ ló máa rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n ti Ọ̀fà ni kí ẹ yí, torí 192.168.1 yìí kan náà lẹ máa bá ní ibi iṣẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì, nílé ọ̀rẹ́. Ẹ sọ Ọ̀fà di 192.168.50.

DVR ni kí ẹ kọ́kọ́ yí sí 192.168.50.20, kí géètìwé rẹ̀ (gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà) jẹ́ 192.168.50.1, kí ẹ tó fọwọ́ kan ráútà. Mo ti jìyà èyí rí. Mo yí ráútà oníbàárà mi kan ní Òmù-Àrán, mo wọ mọ́tò, mo gbàgbé pé ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ àdírẹ́sì sínú DVR. Gbogbo ilé ti kó lọ, òun nìkan ló jókòó sí ibi àtijọ́. Ọjọ́ kejì ni mo tún padà lọ.

Wàyí o, bí àlejò ò bá lè wọlé, kí tọ̀tún-tòsì jáde wá pàdé níta. Iṣẹ́ tí Tailscale, áàpù kan tó ń so ẹ̀rọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, ń ṣe nìyẹn. WireGuard ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tó ń bo ọ̀rọ̀ yín kí ará ọ̀nà má lè kà á, ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì tó ìdílé lò. Ẹ gbé e sórí fóònù yín, kọ̀ǹpútà Tankẹ àti láptọ́ọ̀pù àbúrò yín. Ti fáìlì parí síbẹ̀: ẹ ṣí fódà yẹn fún un, kó máa fi àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 tí Tailscale fún kọ̀ǹpútà yín wọlé.

DVR ò lè gba Tailscale sára, ó nílò alágbàsọ. Ẹ fi Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan sí Ọ̀fà, kí ẹ gbé Tailscale sórí ẹ̀, kí ẹ ṣí IP forwarding kó lè máa gbé ọ̀rọ̀ kọjá sí DVR, kí ẹ wá tẹ:

`sudo tailscale up --advertise-routes=192.168.50.0/24`

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fọwọ́ sí ọ̀nà yẹn lójú ewé àkóso Tailscale. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, tí wọ́n á máa ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ pa key expiry (ọjọ́ tí àṣẹ ìwọlé ń parí) ti Pi náà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á já lẹ́yìn ọjọ́ 180.

Ẹ lè ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà nílé tó lè ṣe é. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí bátìrì ẹ̀ sì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tan ara wọn padà. Pi máa ń tan fúnra ẹ̀ tí iná bá dé, màmá ò ní dìde ṣe nǹkan kan. Kí òun, ráútà àti DVR jọ wà lórí ínfátà.

Ní ti dátà, sub-stream (àwòrán tí kò mọ́ tó, tí kì í jẹ dátà púpọ̀) ni kí ẹ máa wò. Kámẹ́rà tó bá ń fi 1 Mbps ránṣẹ́ ń jẹ 450 MB ní wákàtí kan, Ọ̀fà á san tiẹ̀, fóònù yín náà á san tiẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní Ọ̀fà, ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, ẹ tan dátà, kí ẹ ṣí 192.168.50.20. Bí ẹ bá rí ẹnu ọ̀nà màmá, ẹ lè wọ mọ́tò Ìlọrin.