Ìtàn ọmọdé mi ti gbẹ: níbo ni kí n ti bu òmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níbí ní Àkúrẹ́. Mo kọ ìtàn kan fún ìwé aláwòrán, nípa ọmọ kan tí kì í gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ olùtẹ̀wé mẹ́ta ló ti dá a padà. Látìgbà náà, bí mo bá jókòó láti kọ òmíràn, ìwé funfun ni mò ń wò. Níbo lẹ ti ń rí ìtàn tiyín? Báwo lẹ ṣe ń fara dà á?

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú ìfaradà. Ó ń dunni. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n dá padà fún mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tì í sí, oṣù mẹ́fà ni mi ò fẹ́ fojú kàn án. Torí náà, mi ò ní ní kí ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká kàn yẹ ìtàn náà wò, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ tí kì í gbọ́ràn: ẹ̀kọ́ lẹ kọ́kọ́ mú, ẹ wá ń wá ọmọ tí ẹ máa dì í lé lórí. Iṣẹ́ tíṣà ló fà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọdé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbọràn, òtítọ́, ìmọ́tótó, ká má jalè; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kànga rẹ̀ á tètè gbẹ. Ohun tó ń ya ọmọ lẹ́nu ni kí ẹ lọ máa bu.

Nígbà kan, mò ń ti Oǹdó bọ̀ ní Àkúrẹ́, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹ̀nà, wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́bàá títì bí wọ́n ṣe máa ń tò ó. Ọmọ náà fi iwájú orí ti gíláàsì mọ́tò, ó ní, "Àǹtí, ta ni wọ́n ń dúró dè?" Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹnì kankan, títà ni wọ́n ń tà á. Ó ní, "Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bíi tiwa ní àsẹ́ḿbìlì." Mo dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò rí ọ̀wọ́ yẹn rí. Ẹ̀yìn rìsíìtì epo tó wà nínú báàgì mi ni mo kọ ọ́ sí. Ohun tó di ìwé nìyẹn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó kéré jù lọ lórí ìlà, tí oníbàárà ń fojú fò.

Ẹ̀yin wà láàárín ọmọ lójoojúmọ́, ẹ lówó lọ́wọ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré tó lè wọ àpò, kí ẹ máa kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Bó bá fi èdè Àkúrẹ́ sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ má sì kọ ìdáhùn sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sí Ọjà Ọba, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ojú yín tó ibi tí ojú ọmọ mọ. Etí ìró, ẹsẹ̀ tábìlì, àti ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lábẹ́ àtẹ lẹ máa rí. Ọjà tí ọmọ mọ̀ nìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìwé aláwòrán sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, nítorí bí wọ́n ṣe ń ká bébà ńlá ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ mú abala bébà 8, ẹ ṣẹ́ wọn po sí méjì, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín: 32 ti pé. Ẹ pín ìtàn yín sí i, kí ẹ máa ṣí i bí ọmọ ṣe máa ṣí i. Ibi tí kò bá ti wu ọwọ́ yín láti ṣí, ìtàn ti kú níbẹ̀. Nǹkan bí 500 ọ̀rọ̀ ti tó. Bí ẹ bá kọ pé bùbá ọmọ náà pupa, ẹ pa á rẹ́, ayàwòrán á kùn ún. Ohun tí mo sì máa ń yá lọ́wọ́ àlọ́ ni orin rẹ̀, gbólóhùn tó ń padà wá tí gbogbo ọmọ á fi gbè.

Àtẹ́wọ́ kíláàsì yín kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ̀yin lẹ ń máàkì ìwé wọn. Ẹ bẹ tíṣà mìíràn kó kà á fún kíláàsì tirẹ̀, kí ẹ jókòó sẹ́yìn. Ojú ìwé tí ọmọ bá ti ń wo aláǹgbá lára ògiri, ẹ fàmì sí i. Èmi máa ń ṣe èyí tó ìgbà márùn-ún kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń gé nǹkan kúrò.

Ẹ béèrè nípa ìfaradà. Oǹdó ni wọ́n ti bí Màmá Mabel Segun, òǹkọ̀wé ọmọdé, ní 1930. Ìwé wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1965. Ní 1978 ni Màmá dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn àti òǹkọ̀wé Akachi Adimora-Ezeigbo jọ gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ní 2007, Màmá ti pé ẹni ọdún 77. Bí ìwé bá padà wá bá mi nílé, mo máa ń ka ọdún tó wà láàárín 1965 sí 2007 lọ́kàn mi, màá sì mú pẹ́ńsù.

Ìtàn yín yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: nígbà tí ìyá ọmọ náà ń pè é tí kò dáhùn, kí ló ń wò? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.