Kí ló ń sọ nano-emulsion òróró kànáfùrù di funfun bíi wàrà?

Ẹ ní nano-emulsion yín (òróró tí a fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ nínú omi) mọ́ gaara lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń tàn bíi búlúù díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ó ti funfun bíi wàrà, ẹ sì fẹ́ fi kún Tween 80 rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí òróró àti omi pò. Ẹ dúró ná. Tween kọ́ ló kéré. Eugenol ló pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù, ó sì máa ń yọ́ díẹ̀ sínú omi: á kúrò nínú ẹ̀kán kékeré, á lọ kún ẹ̀kán ńlá. Ostwald ripening nìyẹn. Tween tó bá ṣẹ́kù nínú omi tilẹ̀ lè máa bá a gbé eugenol náà kiri.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ wọn ẹ̀kán náà lọ́jọ́ 0, 1, 3, 7 àti 14, kí ẹ ṣírò r × r × r (r ni ìdajì fífẹ̀ ẹ̀kán), kí ẹ yà á sórí gíráàfù pẹ̀lú ọjọ́. Bí ìlà náà bá tọ́ gbọnrangandan, òun náà ni. Ẹ má fi omi lásán là á fún DLS (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí ẹ̀kán ṣe tóbi tó) o. Omi tí òróró kànáfùrù ti yọ́ sí títí tí kò gbà mọ́ ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán á súnkì, nọ́ńbà tí ẹ rí á tàn yín.

Inú òróró ni àtúnṣe wà. Fún 100 g: kànáfùrù 5 g, òróró sóyà 5 g, Tween 80 10 g, omi 80 g. Sóyà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú omi, nítorí náà bí eugenol ṣe ń sá kúrò nínú ẹ̀kán kékeré ni sóyà ń ki sí i níbẹ̀, ìyẹn ló ń fa eugenol padà. Kànáfùrù wúwo ju omi, sóyà fúyẹ́ ju omi. Àpòpọ̀ wọn kì í tètè rì, kì í sì í tètè léfòó. Bó bá ṣì ń tóbi, ẹ gbé sóyà dé 7 g, kí kànáfùrù di 3 g. Bí ẹ bá fẹ́ kó oògùn sínú emulsion náà, oògùn gbọ́dọ̀ yọ́ tán nínú òróró kí Tween tó wọlé. Hóró tó bá kù ni kírísítálì máa hù lé lórí.

Ẹ ro ó pọ̀ dáadáa kí ẹ tó ki ọ̀pá sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró fọ́ òróró sí wẹ́wẹ́) bọ̀ ọ́: ìṣẹ́jú àáyá 5 ní títàn, 5 ní pípa, fún ìṣẹ́jú 10, kí bíkà wà nínú yìnyín. Bí bíkà bá ń gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, òróró ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí ohun dúdú bí eérú nísàlẹ̀, titanium ló ń jẹ kúrò lára ọ̀pá. Ẹ fi centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá kí ohun tó wúwo lè rì) yọ ọ́.

Ní ti bí oògùn ṣe ń jáde: ẹ gbé àpò dialysis méjì (àpò fẹ́lẹ́ tí oògùn lè gbà jáde, tí ẹ̀kán kò lè gbà) kalẹ̀ nínú PBS (omi oníyọ̀ tí pH rẹ̀ kì í tètè yí) pH 7.4 ní 37°C, ọ̀kan fún emulsion, èkejì fún oògùn tí ẹ yọ́ lásán. Bí ti oògùn lásán bá lọ́ra tó ti emulsion, àpò ló ń dá oògùn dúró, kì í ṣe emulsion yín.